Awò Ojú Ẹ̀gbọ́n Tọ́ọ̀ṣì

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ojú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe awò ojú, mo sì ti rí oríṣiríṣi alágídí: ẹni tí kò rí ògiri tó fẹ́ fi orí sọ, tó tún ń búra pé ojú òun dá ṣáṣá. Síbẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló là mí lójú. Tọ́ọ̀ṣì là ń pè é, torí kò sí oníbàárà tí kì í tan iná kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí lójú.

Bí iná bá bọ́ sójú ènìyàn, ọmọlójú á súnkì. Bí a bá gbé e kúrò, á tún fẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un pé kó dúró.

Lóṣù kan péré, ó rí ènìyàn mẹ́fà tí ọmọlójú wọn kò mira rárá. Mo jágbe mọ́ ọn pé bátìrì rẹ̀ ló kú. Ó ṣí ìwé oníbàárà hàn mí: gbogbo wọn ló ń gbẹ́ ihò páìpù omi lábẹ́ ìlú.

"Ọ̀gá, àwọn yìí kì í ṣe ènìyàn. Nǹkan tí kì í ṣe ti ayé yìí wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, nǹkan náà ló ń gòkè wá dípò rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ihò náà. Bí ìyẹn kò bá wo awò, kò lè dá ìyá rẹ̀ mọ̀ lókèèrè. Awò rẹ̀ fọ́, mo ṣe òmíràn fún un, kò wá gbà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló yọ sí wa. Mo gbé awò náà jáde, ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ka ìlà tó kéré jù lára pátákó ìdánwò mi, kò ṣi ẹyọ kan.

"Lọ́la ni Màámi ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ mi," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà máa bọ̀."

Tọ́ọ̀ṣì tan iná sí i lójú. Ọmọlójú rẹ̀ kò mira.

"Bùọ̀dá mi dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Gbogbo yín lẹ máa débẹ̀."

Ó yíjú, ó lọ. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Èmi àti ọmọ náà sáré lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, a bá a níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, kò sì dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

"Ọjọ́ tó dé ni mo ti mọ̀," ó ní. "Ọmọ mi kì í jẹun kó má bá mi jà lórí iyọ̀. Ohunkóhun tí mo bá gbé ka iwájú èyí ló ń jẹ."

"Kí wá ló dé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e, Màámi?"

"Torí ibi tó ń mú mi lọ ni ọmọ mi wà."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni?"

Ìyá náà ju aṣọ sílẹ̀, ó fà á dìde mọ́ra, ó ní òun kò lọ mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé ìwé wa lọ bá ọ̀gá àwọn onípáìpù. Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí Tọ́ọ̀ṣì fi tan iná sójú igbákejì rẹ̀ tó dúró tì í, ni ẹ̀rín bá kú mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí àwọn nǹkan náà rí i pé àṣírí ti tú, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sísàlẹ̀. Ó kù ká fi kọnkéré dí ihò náà, àmọ́ ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ gidi tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ tẹ̀ka.

"Kí nǹkan náà má bàa jáde wá mú ẹyọ kan tó kù mí kù," ó ní.

A ti dí ihò náà, àmọ́ awò náà ṣì wà nínú dúróà mi. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyá náà máa ń wá nù ún. Mo ní kó kúkú máa gbé e lọ sílé.

"Rárá, ẹ bá mi fi síbẹ̀," ó ní. "Bí ọmọ mi bá jáde, ọ̀dọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ yà. Kò lè ríran délé láìwò ó."