Màrìwò Tí A So Mọ́ Géètì Ilé Ehoro

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí gbogbo wa bọ́ ìbòjú kòrónà sílẹ̀ ni a ti ilé ìwádìí oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Aramọkọ pa. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ìpara egbò ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Wọn á fi abẹ la ẹ̀yìn ehoro, wọn á fi ìpara sójú egbò, wọn á sì máa wò ó bó ṣe ń jinná. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Irú ìpara bẹ́ẹ̀ ló wo ẹsẹ̀ ìyá mi sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, ọkùnrin aláìláàánú kan tí a ń pè ní Dókítà, ní kí wọ́n má gún àwọn ehoro ní abẹ́rẹ́ apàrora mọ́. Ó ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìyá Dúpẹ́, ará Ìpótì tó ń bọ́ àwọn ehoro náà, kọ̀ láti di ọ̀kan mú kí wọ́n là á bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Dókítà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Inú bí mi gidigidi. A daṣẹ́ sílẹ̀. A so màrìwò mọ́ géètì, bí a ti máa ń ṣe nílẹ̀ wa tí a bá fẹ́ kí ibì kan di èèwọ̀. Títí kan àwọn alàgbà ìjọ láàárín wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Dókítà fúnra rẹ̀ dúró sójú títì, ó ń bú wa.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Dúpẹ́ gbé korobá omi dé.

"Alága, ẹ jẹ́ n wọ ulé lọ bá àwọn ehoro. Oòrùn yìí mú jù."

"Mọ́mì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Torí tiyín gan-an la ṣe ń jà."

"Ẹ tú màrìwò yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Tá a bá tú u, Dókítà á ní ó ti rẹ̀ wá."

"Ehoro kì í ké, Alága. Ẹ ò ní í gbọ́ nǹkan kan." Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Dókítà fọwọ́ sí gbogbo ohun tí a béèrè: kò ní sí lílà láìsí abẹ́rẹ́ mọ́, Ìyá Dúpẹ́ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. A tú màrìwò, a kọrin wọlé. Gbogbo ehoro inú àgò ti kú.

Dókítà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Alága, èmi ń la ẹ̀yìn wọn o, ṣùgbọ́n mo ń fún wọn lómi."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Àdéhùn yẹn ṣì múlẹ̀. Wọ́n ń gún àwọn ehoro ní abẹ́rẹ́ títí di òní, ìyẹn ò sì tì mí lójú. Mo kórìíra ọkùnrin náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Dúpẹ́ yọjú wo inú àgò lẹ́ẹ̀kan, ó gba Ìpótì lọ, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́.

Mo ti ka ìwé àdéhùn yẹn sétígbọ̀ọ́ àìmọye ìpàdé. Mi ò tíì lè kan ilẹ̀kùn obìnrin tí a torí rẹ̀ kọ ọ́.