Ohùn Mi Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Òórùn rọ́bà tó ń yọ́ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́, kí n tó rí géètì rárá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ rọ́bà ni, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkò, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ tí mo sì ń di abọ́ ní méjìlá-méjìlá. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń mú àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ gbéra. Nígbà tó rí i pé púpọ̀ nínú àwa obìnrin ìdí ẹ̀rọ kò lè ka ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó kọ àfikún kékeré kan mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù òun. Láti ọjọ́ náà, kí ẹ̀rọ tó pa ẹnu dé láti tẹ abọ́, ohùn mi á jáde nínú gbohùngbohùn tó wà lókè: "Ẹ yọwọ́ o, ó fẹ́ gbéra!" Ni wọ́n bá sọ mí ní Màmá Rédíò.

Ọmọ náà ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sunkún. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí. Mò ń jẹun, mò ń gbálẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn ara mi lójoojúmọ́ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ará àdúgbò.

Ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ó ní èdè tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti gbó, àwọn tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, àwọn fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun. Mo bi í pé, "Àwọn àfikún ńkọ́?" Torí béèyàn bá wó ògiri láti tún un mọ, ilé ìdáná tí wọ́n kọ́ ti ògiri náà lè bá a lọ.

"Wọn ò ní bàjẹ́, Mà. Mo ti kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ṣe é. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá wa wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní gbogbo iná rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sí wàhálà, ká bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan láti Àtàn, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ti ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó ń ha rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a kì í wo iná, ohùn la máa ń dúró dè.

"Màmá Rédíò ò tíì jí," ló ń wí fún ẹnì kejì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Fáànù inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lẹ́yìn fáànù, ohùn mi ló kàn. Mo dúró, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò dún. Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀: "Ẹ yọwọ́ o, ó fẹ́ gbéra!"

Obìnrin náà yọwọ́. Ẹ̀rọ pa ẹnu dé, gbàgà.

Obìnrin náà ń wo àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá," ló wí, "ẹ̀yìn mi ni ohùn yín ti wá lónìí."

Ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà sáré dé, ó kúnlẹ̀. Ó ní àfikún ọmọ mi kò sí nínú ìwé tóun kọ, torí pé kò sọ fún ọ́fíìsì nígbà tó ṣe é fún wa. Èdè tuntun kò gbọ́ bí ọmọ mi ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì fò ó kọjá láìwí nǹkan kan. "Ọ́fíìsì ni mo máa ń wà, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n gbọ́ yín, Mà."

Mo ní, "Dìde. Dá ti àtijọ́ padà. Gbé tuntun sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí o yẹ àwọn àfikún yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn kì í wó ilé ìdáná àtijọ́ nígbà tí iná ò tíì ràn nínú tuntun."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Èmi àti obìnrin Àtàn jókòó tì í, à ń sọ ohun tó yẹ kó dún àti ìgbà tó yẹ kó dún. Nígbà tí wọ́n wá bọ́ sórí tuntun, ohùn mi jáde ketekete. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò mọ nǹkan kan lára.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ohun tó bàjẹ́ tó ń pariwo, wọ́n á sáré sí i. Èyí tó bàjẹ́ tó dákẹ́, iná rẹ̀ á ṣì máa tàn. Ẹni tó bá wò mí nígbà náà á ní ara mi le. Àmọ́ ọmọbìnrin yẹn ti kọ́ ọgbọ́n. Títí dòní, bó bá ń kọjá lọ́dọ̀ mi láàárọ̀, kì í béèrè bóyá àlàáfíà ni. Á dúró, á ní, "Ẹ sọ nǹkan, Mà, kí n gbọ́ yín." Mo máa ń sọ ohun tó bá wá sẹ́nu: òjò, orúnkún, ọṣẹ ìfọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, orúkọ ọmọ mi ni mo sọ.