Mi Ò Dijú Nínú Tíátà

Ìyá mi kì í dijú bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fẹ́sítáàkì níbí ni wọ́n ti jí báàgì rẹ̀ gbé, láàárín "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" àti "Àmín". Láti ọjọ́ náà ló ti ń la ojú sílẹ̀ gbàdúrà, ó sì fi kọ́ èmi náà. Ó ní Ọlọ́run tó ní ká máa gbàdúrà ló ní ká máa ṣọ́nà pẹ̀lú. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Mi ò kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ní bí áńgẹ́lì bá jíṣẹ́ fún mi, màá ní kó kọ́kọ́ fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn mí.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ tíátà, ìyẹn ti yàrá iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ àwọn tó ń to irinṣẹ́ fún dókítà, tí wọ́n sì ń nà án sí i bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, gbájúẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlìsì ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Èmi àti ìyá mi jọ lọ wò ó. Ìyá mi ní kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ han òun. Ó wọlé, ó jáde, ó ní, "Omi wà ńbẹ̀ ṣá." Ó gba nọ́ńbà ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ojú ọ̀gá níbẹ̀ ló sì ti pè é. Ẹni náà ní òun ti ríṣẹ́, òun wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìyá mi pa fóònù, ó yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí: "Ó lè jẹ́ àbúrò ọ̀gá yìí ló gbé e o."

Síbẹ̀, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí mi ò bá wọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Tréèdì Féà, níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò, ló ń dúró dè mí. Ó ti ra àga tí màá máa jókòó lé sílẹ̀. Kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù tó àga yẹn.

Nígbà tí a parí ti inú kíláàsì, wọ́n pín wa sí ọsibítù. Èmi bọ́ sí ọ̀kan tó jẹ́ ti aládàáni, lábẹ́ obìnrin kan tí gbogbo wọn, títí kan dókítà, ń pè ní Àǹtí. Kò sẹ́ni tó pẹ́ tó o nínú tíátà náà. Òun ló máa sọ bóyá mo yege tàbí mi ò yege.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó dá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Gbọ́. Ohun méjì péré ló wà níbí, ohun tó mọ́ àti ohun tí kò mọ́. Èyí tó bá ti inú ẹ̀rọ tá a fi ń pa kòkòrò jáde, ó mọ́. Bó bá wá fara kan nǹkan míì, kò mọ́ nìyẹn. Bó o bá kàn fura pé ó fara kan nǹkan, kò mọ́ náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹ́ ní ẹ̀rí. Sọ ọ́ síta, ká pààrọ̀ ẹ̀."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní olófìn-ín-tótó, àṣé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń fi ìfura ṣiṣẹ́ jẹun.

Àmọ́ Àǹtí fúnra rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Irinṣẹ́ ló ní kí n máa fọ̀ ṣáá. Fọ̀ ọ́, nù ún, dì í, kò jẹ́ kí n sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, màá rí i tó ń wò mí láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni mò ń lọ. Mo sọ fún un. Ó ní, "Hùn." Kí ló ń jẹ́ hùn? Ó fún mi ní ẹ̀pà sísè, mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ pàápàá, mo sì lọ gbé e fún mégáàdì. Ó ń jẹ ẹ́, mo ń wò ó. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní, "Wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ dípò ẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o." Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí pè mí. "Lọ fọ ọwọ́ ẹ. Ìwọ lo máa dúró tì mí lónìí. Bó o bá ṣe é dáadáa, màá buwọ́ lu ìwé ẹ pé o yege. Bí o ò bá ṣe é dáadáa, o mọ̀nà ilé yín." Mo ní nínú mi pé, ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dé.

Ìyá àgbà kan láti ìdílé àwọn onílẹ̀ Amúwo la fẹ́ yọ kókó kúrò níkùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣe Bìsìmílà. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra ṣe mí o." Oògùn oorun sì gbé e lọ.

Bí èèyàn bá ti wọ ìbọ̀wọ́ tó mọ́, iwájú àyà ló máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sí. Kò gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ, kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ìbàdí lọ. Bí èmi àti Àǹtí ṣe dúró nìyẹn, dókítà náà sì dúró bẹ́ẹ̀. Ní ọsibítù yẹn, dókítà kì í fi ọ̀bẹ kan ara aláìsàn láìgbàdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà ráńpẹ́. Gbogbo wọn dijú. Èmi la tèmi sílẹ̀.

Àdúrà gbóná. Orí Àǹtí ń mì. "Àmín!" Ọwọ́ rẹ̀ kúrò láyà. "Àmín!" Ọwọ́ ń lọ sókè. Bó ṣe tún ké "Àmín" míì báyìí, ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá apá iná ńlá tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì, iná tí à ń fi àkísà lásán nù láràárọ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àdúrà parí, ó lajú, ó sì mú ọ̀bẹ nínú àwo irinṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kó lè fi mú mi. Mo tún rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló máa bá mi jẹ́rìí? Gbogbo wọn ló dijú! Bí mo bá sì dákẹ́, ìyá yìí lè lọ sílé pẹ̀lú egbò tó máa kẹ̀. Ẹnu mi là kí n tó parí ìrònú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yín kan iná."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ ọ̀tún yín, mà. Nígbà tí à ń gbàdúrà."

Ó yíjú sí mi pátápátá. "Ìwọ ń wò mí nígbà tí à ń gbàdúrà? Irú ọmọ wo nìyí?"

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oògùn oorun rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó kàn án?"

"Mi ò mọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, dókítà."

Inú bí mi, ẹ̀rù ò sì bà mí mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé béèyàn bá ti fura, kò mọ́. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní ẹ̀rí."

Dókítà ní, "Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀." Wọ́n gbé àwo irinṣẹ́ kúrò, wọ́n tú òmíràn. Àǹtí jáde lọ tún ọwọ́ fọ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi títí a fi ṣe tán. Kókó náà jáde, a rán ikùn ìyá náà, wọ́n tì í lọ síbi tó ti máa jí.

Mo wà níbi tí mo ti ń fọ irinṣẹ́ nígbà tí Àǹtí wọlé, tó pa ilẹ̀kùn dé. Mo ti to èsì sẹ́nu. Bó bá lé mi, màá sọ tinú mi fún un kí n tó lọ.

Ó ní, "O yege."

Mo ní, "Ẹ ṣé mà." Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kí ló tún kù?

Ó fà bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. "Mo mọ̀ pé ó kàn án."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Àǹtí?"

"Ó dùn mí lẹ́yìn ọwọ́, ṣé mi ò ní mọ̀ ni? Mo ní ta ló rí mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Jésù á bò ó." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ká ní o ò sọ̀rọ̀ ni, mi ò bá ti na ọ̀bẹ yẹn sí dókítà."

Mo rántí bí ìyá yẹn ṣe ní ká rọra ṣe òun. Inú bí mi sí Àǹtí, àánú rẹ̀ tún ṣe mí, mi ò mọ èwo ni kí n mú. Mo bi í pé, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́ fún mi?"

Ó ní, "Torí mi ò lè búra fún ẹ pé tòní ni àkọ́kọ́."

Mo kọjú sí omi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn irinṣẹ́ tí mo ti fọ̀.