Pèpéle Ìyá Àgbà àti Ṣọ́ọ̀bù Mi

Èmi ni mo wó pèpéle tí Ìyá àgbà mi fi ń jókòó níwájú ilé. Èmi náà ni mo fọ́ ààrò tí ìyàwó àbúrò bàbá mi fi ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kan náà ni mo ṣe méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó rán mi. Mò ń wá ibi tí màá ti máa ránṣọ, tí màá sì tún máa sùn. Mo rí i, àmọ́ orí ibi tí àwọn ẹlòmíì ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn ni mo gbé e lé. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí ìwúrí ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé bí mo ṣe gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún 1993 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ ní Ìlá. Mi ò kàwé púpọ̀, kíláàsì kẹta girama ni mo ti dúró. Ọ̀gá mi ti ṣàdúrà fún mi, bàbá mi ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún mi, ó wá ku ibi tí màá gbé e sí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọjà ju agbára wa lọ. Oko kòkó ni bàbá mi máa ń wà, ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n ń wálé wá kírun. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ilé yìí kọjú sí títì. Wá ibì kan níbẹ̀." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gba oko padà.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára, páànù orí ẹ̀ sì ti pọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn níwájú, pèpéle alámọ̀ sì wà lápá ọ̀tún ẹ̀, jíjókòó ti mú kó máa dán bí awọ. Orí ẹ̀ ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí tí wọ́n ń tà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó ń lọ sóko á kí wọn, ẹni tó ń bọ̀ á kí wọn, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣu, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá onítọ̀hún. Lójú mi nígbà yẹn, arúgbó kan kàn jókòó ni. Mi ò rí i pé ibi iṣẹ́ ni, mi ò sì rí i pé ilé wọn gan-an nìyẹn.

Mo fi tépù ọrùn mi wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Tí pèpéle bá kúrò, tí mo bá fi pákó dí iwájú, ẹ̀rọ á gbà síbẹ̀, tábìlì tí mo fi ń géṣọ á gbà, ẹní mi náà á gbà. Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí Àǹtí fi bá mi. Àǹtí ni mò ń pe ìyàwó àbúrò bàbá mi. Mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé wọn wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí lọ́kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jù mí lọ dáadáa.

"Ọkọ mi, kí lẹ ń wọ̀n? Ṣé ẹ fẹ́ rán dàńṣíkí fún ògiri ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé fún wọn.

"Màmá ńkọ́?"

"Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Ó tutù, kò sí eruku títì, kò sí ariwo ọ̀kadà. Wọ́n á sinmi."

"Wọ́n sọ fún yín pé ó rẹ àwọn ni?" Àǹtí sọ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tó wà lórí wọn kalẹ̀. "Ṣebí abẹ́ àtíbàbà yẹn náà ni ààrò mi wà? Àbí èmi àti Màmá la ó jọ máa yá iná níbẹ̀?"

"Màá mọ òmíì fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀."

"Nígbà wo?"

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé yìí ni?"

Kò sí ìyàwó ilé kan tí èèyàn máa sọ irú ẹ̀ fún tí kò ní wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n wọlé. Látọjọ́ náà, wọn ò pè mí lọ́kọ mọ́. Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ará ìta ṣe ń pè mí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi dígà wó pèpéle, mo fọ́ ààrò, mo gbé àga kan tó ní ìfẹ̀yìntì sábẹ́ àtíbàbà fún Ìyá àgbà. Wọ́n dúró wo àga náà, wọ́n ní, "Ṣé ibí ni?" Mo ní ibẹ̀ ni. Wọ́n jókòó. Mo kan pákó dí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ṣe ilẹ̀kùn kan sí i, inú mi sì ń dùn pé mo ti di ọlọ́ṣọ́ọ̀bù. Iléyá ń bọ̀ lọ́nà, aṣọ ti ń wọlé. Mò ń ránṣọ níbẹ̀ lọ́sàn-án, mò ń tẹ́ ẹní síbẹ̀ lálẹ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Àǹtí ń yan gàrí lórí òkúta mẹ́ta ní gbangba. Tójò bá ṣú, wọ́n á gbé agbada gbígbóná, wọ́n á sáré. Mò ń rí wọn. Mo ní kí Iléyá kọjá ná, màá mọ ààrò náà. Ní ti Ìyá àgbà, gbogbo ohùn tí wọ́n bá gbọ́ níta ni wọ́n máa ń béèrè: "Ta ló kọjá yẹn?" Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dá wọn lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tíṣẹ́ pọ̀, mi ò dáhùn mọ́. Nígbà tó ṣe, wọn ò béèrè mọ́. Ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò dín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú wa. Ará Iresi ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ Ìyá àgbà nígbàkígbà tí wọ́n bá wá sí Ìlá. Wọ́n dúró, wọ́n wo pákó tí mo kàn, wọ́n wo ibi tí pèpéle wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n rọra wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń béèrè. "Kò tíì pẹ́, sà."

"Ẹ ò sì ránṣẹ́ sí wa ní Iresi." Wọ́n mi orí. "Ó mà ṣe o. Kí Ọlọ́run fi alijánnà kẹ́ wọn. Obìnrin dáadáa ni. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ohùn jáde láti ẹ̀yìnkùlé:

"Ta ló kú?"

Bàbá náà fò sẹ́yìn, fìlà bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ìyá! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo ti ṣe àmín sí àdúrà yín. Ẹ bá mi bi télọ̀ yẹn, ọjọ́ wo ló ṣe ọjọ́ mẹ́jọ mi? Mi ò jẹ nínú sààrà ẹ̀ o."

Àǹtí rẹ́rìn-ín nídìí iná débi pé wọ́n ju ìgbákọ sílẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá náà dì mí léjìká mú, wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. Pèpéle yẹn ni mo wò. Mo ní tí ìyá bá wà láyé, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí á wó o?"

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà. Wọn ò tètè ní kí n dìde.

"Mi ò bá ọ jà," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ lò ń wá. Àmọ́ èmi náà níṣẹ́. Kí wọ́n máa rí mi, kí n máa rí wọn, iṣẹ́ mi nìyẹn. Tó o bá lè ṣe é tí àwa méjèèjì á fi gba ibẹ̀, ṣe é. Tí ò bá ṣe é ṣe, palẹ̀ ẹ̀rọ ẹ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mi ò rán aṣọ kankan. Mo tú gbogbo pákó náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí pèpéle wà tẹ́lẹ̀, mo ń wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Àárọ̀ ni èrò pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Oòrùn ń wọlé títí di ìyálẹ̀ta, lẹ́yìn ìyẹn ó kúrò. Ọ̀sán ni àwọn tó fẹ́ ránṣọ máa ń yà. Tó bá di alẹ́, ó ku èmi nìkan. Ibẹ̀ ló wá yé mi. Tí a bá ń rán aṣọ ọmọdé, a máa ń ṣẹ́ díẹ̀ sínú létí ẹ̀, kó lè ṣe é tú tọ́mọ bá dàgbà. Mo mọ ìyẹn nínú aṣọ, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ńṣe ni mo gé e ní ìgékúgèé, mo rán an pa.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ káfíńtà, a jọ lọ ilé kéwú ni. A da àwọn pákó náà pọ̀ di pátákó fífẹ̀ méjì, a fi irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù gbé wọn kọ́ sí òkè iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀, mo lè fi ọ̀pá tì wọ́n sókè kí wọ́n di ibòòji. Lálẹ́, mo lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kí wọ́n di ògiri. Mo po amọ̀, mo tún pèpéle mọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo dá inú ẹ̀ sí, ihò gígùn kan tí ẹní mi, àpótí mi àti igbá ẹ̀gúsí Ìyá àgbà lè wọ̀. Mo so tábìlì ìgéṣọ mọ́ ògiri. Tí mo bá fẹ́ géṣọ, á wálẹ̀, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Tí mo bá gé e tán, á padà lẹ̀ mọ́ ògiri, ìṣó tí mo kàn sí abẹ́ ẹ̀ á wá di ibi tí mò ń fi aṣọ tó ti parí kọ́. Mo yí ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà kọ ẹ̀yìn sí Ìyá àgbà.

Ibi tí a ti ń gbé pátákó kejì sókè ni Àǹtí ti jáde wá.

"Ẹ gbé e sókè sí i. Ẹni tó bá ru igi á fi igi gbá a."

A gbé e sókè.

"Ó ti pọ̀ jù. Òjò á máa wọ ara Màmá. Apá ibí lòjò ti ń wá, mo mọ̀, èmi ló ń pa."

Káfíńtà wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. Àǹtí di pátákó náà mú títí a fi gbá ìṣó tó gbẹ̀yìn wọlé. Wọ́n jìnnà díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Télọ̀."

Ó dáa lóòótọ́. Mi ò ní torí ìtìjú fi ìyẹn pamọ́. Àárọ̀ tí Ìyá àgbà padà sórí pèpéle, ìkíni kò jẹ́ kí wọ́n rí àyè mu ẹ̀kọ tán. Àwọn kan tiẹ̀ ń fọwọ́ kàn wọ́n bóyá wọ́n wà lóòótọ́. Láìpẹ́, Ìyá àgbà ti di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wá wọ aṣọ ẹ̀ wò, iwájú wọn ni á ti kọ́kọ́ yí. "Ó fún ọ lábẹ́ apá. Dá a padà fún un. Má jẹ̀ẹ́ kó tàn ọ́ jẹ, ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n." Ẹni tí kò tiẹ̀ fẹ́ rán nǹkan kan, tó kàn dúró kí wọn, á rí aṣọ lára ìṣó, á béèrè iye tí mò ń rán an. Nígbà tí bàbá mi wálé ní Jímọ̀ọ̀, wọ́n dúró pẹ́ lójú títì. Wọ́n wọlé, wọ́n sọ tábìlì kalẹ̀, wọ́n gbé e padà, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

"Mo rò ó ni, sà."

Wọn ò yìn mí, àmọ́ lẹ́yìn ìrun, wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá wò ó. Ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn ni àwọn èèyàn sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ kan wá láti Ire, ó ní kí n bá òun ṣe irú ẹ̀ sí yàrá kan ṣoṣo tí òun ní. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Iresi náà ránṣẹ́. Èmi àti káfíńtà yẹn ló ń lọ ṣe é. Kí n tó wọn nǹkan kan báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, mo máa ń béèrè ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Àmọ́ ẹni kan wà nílé tí mi ò béèrè tiẹ̀. Iléyá kọjá, mi ò mọ ààrò. Mò ń lọ sí Ire, mò ń lọ sí Iresi, mo máa ń ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀tan Ayégbajú, Àǹtí kó ẹrù tẹ̀ lé wọn.

Mo gbé aṣọ lọ fún ẹnì kan ní Ọ̀tan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì yà lọ́dọ̀ wọn. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Àpò gàrí kún ẹ̀gbẹ́ ògiri mẹ́ta, àlàfo tó kù láàárín ni àwọn ọmọ ń sùn sí. Níta, páànù jíjẹrà kan lórí igi méjì ni wọ́n fi ń bo iná. Àǹtí gbọ́únjẹ fún mi. Wọ́n ń sọ fún obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn pé, "Ẹ wò ó, òun ló ṣe ti Ire yẹn," inú wọn sì dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo sì jẹun tán, mo dúpẹ́, mo wọ takisí padà sí Ìlá.

Mo mọ bí ibẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Mo mọ ibi tí ààrò máa wà, mo mọ bí àpò gàrí á ṣe gòkè kí àwọn ọmọ lè na ẹsẹ̀. Mo jẹ wọ́n ní ìyẹn. Mo sì tún jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, mi ò tíì san ọ̀kankan.