Ìwé Èdè Tó Ti Òkè Òkun Wá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó, kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín tí kì í jókòó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, tíṣà ni ní Ìdànrè níbí, kí òmìnira tó dé. Ó ń gba ìwé àtìgbàdégbà kan láti òkè òkun, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń yẹ èdè Faransé, Ítálì àti èdè gbogbo ayé wò. Ó ti kọ àròkọ kan nípa èdè Ìdànrè ránṣẹ́ sí wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí ohùn àwọn àgbà orí òkè tó pa rẹ́.

Ìdúró ló ń jẹun. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ju òkèlè sílẹ̀ kí ó lè kọ ọ́ sínú ìwé: "Ìyá, ẹ tún un sọ!"

"N ò tún un sọ. Jókòó jẹun! O ń rìn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí."

"Ìwé yẹn ni kò tíì dé, Ìyá." Á tún sáré lọ sí posọ́fíìsì.

Ibà pa á, a sì ti sin ín kí ìwé náà tó dé. Ọkọ mi ṣí i, ó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìyá wọn tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ sókè ketekete. Ìyá ní: "Ó wá ríbi jókòó."

Ọkọ mi jogún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní àga rẹ̀, tí kò gbó rárá. Ìyá, tí kò mọ̀wé, ló gbé ìwé náà. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi í sí.