Aró Tí Dókítà Dà Sínú Kòtò Mi

Òórùn ásíìdì bátìrì kì í kúrò nímú ènìyàn bọ̀rọ̀. Títí dòní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ oníbátìrì kan kọjá, tí òórùn kíkan yẹn ta mí nímú, Ẹ̀gbẹ́dá ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà, Ẹ̀gbẹ́dá àtijọ́ tí igbó ṣì wà láàárín ilé kan sí èkejì, tí ọ̀nà tó lọ sí Akówọnjọ ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa tó máa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgboro nígbà náà. Ìwọ náà rántí bó ṣe rí: akọ̀wé kékeré tó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá, a ó ṣàdédé rí i nínú mọ́tò ìjàpá lónìí, tí yóò máa fọn fèrè sí wa létí bí ẹni pé àwa la kọ́kọ́ ni ín lára. Mọ́tò ń pọ̀ sí i, bátìrì sì ń kú. Èmi ni mo ń jí wọn dìde.

Ìsọ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé, abẹ́ páànù mẹ́fà péré, pẹ̀lú ṣájà kan tó máa ń kùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, n ó tú u, n ó yọ àwọn awẹ́ òjé inú rẹ̀, n ó fọ̀ wọ́n, n ó sì da ásíìdì àtijọ́ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò kan tí mo gbẹ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kòtò náà kì í kún. Bí mo bá da kẹ́ẹ̀gì kan sí i láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ilẹ̀ ti mu ún tán, mo sì máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà pé ilẹ̀ tèmi mọ omi mu. N kò bi ara mi léèrè rí pé níbo ni omi ọ̀hún ń lọ. Kànga tí gbogbo ilé ń mu kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibẹ̀.

Ìyá onílé wa jẹ́ opó, ọmọ Àwórì tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà gan-an. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga yẹn kó tó kú, kò sì sí ohun tí ìyá náà fọwọ́ pàtàkì mú tó o. Lọ́jọ́ tó gbà mí láyè kí n kan páànù mọ́ ògiri rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣiṣẹ́ yín, mi ò ní kí ẹ má jẹun. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣe kànga ọkọ mi, ẹrù yín lẹ máa kó o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló fẹ́ ṣe kànga. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún oṣù keje wà nínú ìyàwó mi, àkọ́kọ́ wa, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí a ti ń retí. Yàrá kan náà la ní, ìsọ̀ kan náà la ní, ẹnu ẹni kan náà ló lè gba méjèèjì lọ́wọ́ wa.

Nínú yàrá iwájú, ọkùnrin kan ń gbé tí a ń pè ní Dókítà, ará Èkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ló kà dé òpin, ṣùgbọ́n oṣù méjì àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ni àwọn ìyá ń gbé wá bá a. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ̀yin ìyá, n kì í gún abẹ́rẹ́ o. Aró lèmi ń pò." Òótọ́ ló ń sọ. Ní ìlú òyìnbó, ó ti po àwọn aró kan tí wọ́n ń lò nínú iná lésà, iná tí kì í fọ́n káàkiri bíi ti tọ́ọ̀ṣì, tó máa ń lọ tín-ín-rín gbọnrangandan. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ alágbára bá kọlu aró náà nínú ìgò, aró fúnra rẹ̀ ló ń tan iná jáde, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò lè yí àwọ̀ iná yẹn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe méjì nínú àwọn aró náà. Mo wo ìwé náà títí, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Bátìrì ló so wá pọ̀. Nígbà tó dé ilé, kò rí ẹ̀rọ tí yóò fi ṣe iṣẹ́ lésà, ó wá kọjú sí ohun tó rí. Ó ń po ásíìdì mọ́ ìyẹ̀fun kan títí yóò fi dì bí ẹ̀kọ tútù, kí bátìrì lè dùbúlẹ̀ tàbí kó dojú dé láìda omi sílẹ̀. Ìsọ̀ mi ló ti ń dán an wò. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí bátìrì bá ti di ẹ̀kọ, ó ku àkàrà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kì í bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó jókòó tì mí, ó ń wo kòtò.

"Ọ̀gá Bátìrì, ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń da nǹkan síbí?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta."

"Kò sì kún rí?"

"Kò kún rí," mo fi ayọ̀ dá a lóhùn.

Òun kò yọ̀. Ó wo kòtò, ó wo kànga, ó wá bi mí nípa ọmọ tíṣà. Tíṣà yìí jẹ́ obìnrin ará Oǹdó tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí inú ti ń lọ́ ọmọkùnrin rẹ̀, tí ọmọ kò lè jẹun dáadáa, tí wọ́n ti fún un ní oògùn aràn títí tí kò gbọ́. Dókítà ní, "Òjé inú ohun tí ẹ ń dà yìí, bó bá wọ omi, ojú kì í rí i, ẹnu kì í mọ̀ ọ́n. Inú ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n." Mo ní ṣé ó dá a lójú ni. Ó ní kò dá òun lójú, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí a lè fi mọ̀.

Ó wọlé, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ìyẹ̀fun aró inú rẹ̀ pupa bí osùn. Ó bu ìwọ̀nba tó lè bo èékánná, ó dà á sínú garawa omi, omi náà sì di àwọ̀ ewé, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbàgbá lójú oòrùn, ó ń tàn bí ẹni pé iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Aró yẹn ò pa ènìyàn, ó tọ́ ọ wò lójú mi. Ó da garawa náà sínú kòtò, ó sì fi garawa omi mélòó kan lé e. Ó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn láti fi bátìrì òun han àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, òun yóò dé ní Sátidé tó ń bọ̀. Láràárọ̀, kí n fa omi kànga sínú abọ́ funfun, kí n gbé e sójú oòrùn. Bó bá ti ní àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé omi kòtò ń wọ inú kànga nìyẹn, kí n sọ fún gbogbo ilé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n bo kànga pa. Ó fẹ́ sọ fún Ìyá onílé kó tó lọ. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ ná. Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba àgbàlagbà lásán." Ó wò mí díẹ̀, ó gbà.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní Sọ́ńdè, omi mọ́. Ní Mọ́ńdè, omi mọ́. Ìdí mi kò gbé ìjókòó. Mo ń ta wáyà sí ibi tí kò yẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó bátìrì oníbàárà kan. Òjò ńlá rọ̀ ní Túsìdeè, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bí ilẹ̀ mi ṣe ń mu ún, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó wù mí kí kòtò yẹn kún. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo kírun àárọ̀ tí oòrùn yọ, mo fa omi, mo dà á sínú abọ́ tánganran funfun tí ìyàwó mi fi ń bu ọbẹ̀. Mo gbé e sókè. Àwọ̀ ewé ni, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣan ewé kan ṣoṣo sí i. Mo dà á nù, mo fa òmíràn. Bákan náà ni.

Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Rọ́bà dúdú ni gbogbo ilé fi ń fa omi, àmù sì ni wọ́n ń dà á sí. Inú àmù ṣókùnkùn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ ìyàwó mi nínú yàrá, mo ń ronú ibi tí aboyún oṣù keje yóò sùn bí wọ́n bá ní ká kó ẹrù wa. Mo sọ fún ara mi pé n ó dúró de Dókítà. Mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe é, òun ló mọ̀wé, òun ló yẹ kó sọ ọ́. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, mo sì mọ̀. Mo ṣan abọ́ náà, mo gbé e sípò rẹ̀.

Ohun tí ojú ń tì mí jù láti sọ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sórí kẹ̀kẹ́, mo lọ pọn omi ẹ̀rọ ní Ṣáṣá. Mo sọ fún ìyàwó mi pé nọ́ọ̀sì kan tó wá gba bátìrì ló ní omi ẹ̀rọ ló dára fún aboyún. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi. Ó ní kò sí ọkọ tó ń tọ́jú ìyàwó báyìí. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde, mo ní àmín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá àna mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ìyàwó mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti dúró ti ọmọ rẹ̀ títí yóò fi bímọ, ó sì dé ṣáájú ọjọ́ tí a ń retí rẹ̀. Ìyàwó mi ti sùn. Tíṣà ló gba àlejò fún wa, ó gbé àpótí fún un, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe: ó bu omi tútù láti inú àmù tirẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Nígbà tí mo yọ, àna mi ti ní "Bísímílà," ife ti kan ètè rẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ibẹ̀. Mo gbá ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí ó tó rí mi tán, mo gbá omi lẹ́nu ìyá ìyàwó mi níwájú ènìyàn, omi dà sí i láyà, ife fọ́. Ìyàwó mi ti jáde, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú jálàbíà funfun. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ má mu ún. Omi yẹn ò dára."

"Omi tèmi?" Tíṣà bi mí. Ó rò pé mò ń bú òun ni.

Mo sọ ọ́ tán lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn: kòtò, òjé, aró, abọ́ funfun. Nígbà tí mo parí, àna mi nu àyà rẹ̀, ó bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́, "Àna mi, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti Ọjọ́rú."

Ìyàwó mi wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ìyá onílé bo kànga pa lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ó ní ká bímọ tán, nítorí òun kò lè lé aboyún síta, ṣùgbọ́n kí n tú páànù mi kó tó di ọ̀la. Nígbà tí Dókítà dé, inú rẹ̀ ń dùn pé bátìrì òun dojú dé nínú ọkọ̀, ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì gbé bátìrì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà jẹ̀bi, pé kò yẹ kí òun fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ tíṣà lọ sí ọsibítù ńlá. Ó pẹ́ kí inú ọmọ náà tó yé lílọ́, ṣùgbọ́n ó yé. Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin. Mo lọ tún ìsọ̀ pa ní Ìkọ̀tún, mo fi sìmẹ́ńtì mọ ibi tí mo ń da ásíìdì sí, èmi àti Dókítà sì jọ ń ṣe bátìrì ẹlẹ́kọ yẹn fún àwọn tó bá fẹ́. Gbogbo ènìyàn ló sọ pé mo padà sọ òtítọ́, wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù kúrò nílé yẹn, Tíṣà wá bá wa di ẹrù. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó so ìdì tó kẹ́yìn tán, ó nà ró, ó wò mí lójú. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Mo ti dárí jì yín," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Ọjọ́rú yẹn, mò ń fa omi tí ọmọ mi máa mu lọ síléèwé. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ẹ dúró, ẹ sì kí mi pé ẹ kú iṣẹ́."

N kò rántí pé mo kí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn títí dòní: ìkíni ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kò gbọ́ ara mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ dúró wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó kí i.