Ìparí Ìtàn Ọdẹ

Nígbà ìjọba ológun, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹdẹ máa ń jà lórí ìwé ìtàn. Ìtàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwé mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Tèmi dá lórí ọdẹ kan tó wọ ilẹ̀ àwọn iwin. Tirẹ̀ dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń gbé ìlú abẹ́ omi. Ó ní tòun ló dùn jù. Màá ní irọ́ ni, kó sọ ìparí tó tó tèmi fún mi: ọdẹ ju ìbọn nù, ó di ọba àwọn iwin, kò sì padà wálé mọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ sílé.

Kò mọ̀ pé mi ò rí ìparí yẹn kà rí. Bébà ti wọ́n, ìyá mi tó ń ta ẹ̀pà sì ti fa ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìwé kẹta ya, wọ́n fi di ẹ̀pà fún oníbàárà. Èmi ni mo parí ìtàn náà fúnra mi.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi rí odindi ìwé kẹta náà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Awo. Ó gbé e wá, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Ọdẹ padà sílé, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ó tán!

"Ìparí tí o máa ń sọ dà?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa ìwé náà dé.

"Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣìṣe," ni mo wí.

Títí dòní, mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.